Ilẹ̀ Nìkan Ni Àgbà Nínú Bàálù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wo ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì bàálù, mo rò pé yóò tẹ bọ́tìnnì kan ni, kí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń ṣe nínú géèmù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì wo tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá wo aláìsàn. Inú bàálù ogun ló hàn nínú tẹlifíṣọ̀n náà: àwọn mítà tó kú, àwọn súwíìṣì tó tò bí eyín, gíláàsì lókè, àti oòrùn ilẹ̀ òkèèrè kan tó ń tàn wọ inú rẹ̀. Ó tan bátìrì. Àwọn iná pupa kéékèèké là. Ó tan ẹ̀rọ tó ń fa epo, ó gbé etí sílẹ̀ títí ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìgbà náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ́ńjìnnì, kò sì fún un ní epo títí mítà fi sọ pé ó ti yí tó.

"Bí mo bá fún un ní epo kó tó yí tó," ó ní, "yóò jóná. Kò ní sọ fún mi pé mo ṣe àṣìṣe o. Yóò kàn jóná ni."

Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọmọ rẹ̀ kan tó mọ̀wé ló ń ròyìn.

Kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ojú la ti pàdé ní Adó. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú tèmi, mo wá fún àyẹ̀wò ni. Òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ojú rẹ̀ kò ní dára ju bó ṣe wà lọ: yóò máa rí ènìyàn, yóò máa rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí ó má retí àtika nǹkan kékeré mọ́. Bí a ti jókòó, bàálù kan kọjá lókè. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó dijú.

"Ẹ́ńjìnnì òsì ń kùn ju ti ọ̀tún lọ," ó ní. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Mo bi í pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán títí di òní.

Ọdún mẹ́jọ ló fi jù mí lọ. Ọmọ Adó ni, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ń ránṣọ nítòsí Ọjà Ọba. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe mẹkáníìkì bàálù ogun lókè Ọya, kó tó padà wálé wá kọ́lé sí àdúgbò Adébáyọ̀. Èmi jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìyìn-Èkìtì ni mò ń gbé. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi aṣọ funfun tẹ́ tábìlì wa nílé oúnjẹ. Ní ọdún tí a fẹ́ jáde, mo kọ̀wé pé mo fẹ́ wa bàálù ogun. Mo ti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba orí apá bàálù kọjá, mo ti fi ìṣirò fà á sórí ìwé tó kún àpótí. Wọ́n ní kí n dúró lójú ìlà, kí n ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Mo ka ìlà méjì, ìlà kẹta di èéfín. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Máa lọ ilé," ó ní. "Onígíláàsì kì í wa irú rẹ̀."

Mo lọ ilé. Mo di olùkọ́. Ọdún dé, ọdún lọ, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ya apá bàálù sára pátákó fún àwọn ọmọ tí wọn kò rí bàálù nítòsí rí, èmi tí mò ń kọ́ wọn náà kò sì fọwọ́ kàn án rí. N kò kábàámọ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń kọjá, mo máa ń dákẹ́ láàárín gbólóhùn, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Wọ́n á dákẹ́ pẹ̀lú mi títí yóò fi lọ tán.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá wo nǹkan kan nílé òun, n kò jẹ́ kó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàrá ẹ̀yìn ló gbé e sí. Àga ọkọ̀ àtijọ́ kan ni, tí wọ́n jó irin mọ́ lábẹ́, pẹ̀lú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Àbújá ló ra kọ̀ǹpútà tí a fi ń wa bàálù lójú tẹlifíṣọ̀n fún un, pẹ̀lú ọ̀pá ìdarí tó wà níwájú àga, ọ̀pá epo tó wà lọ́wọ́ òsì, àti àwọn pẹ́dàlì méjì tí ẹsẹ̀ ń tì. Bàálù oníjókòó méjì ló yàn nínú gbogbo bàálù tó wà níbẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe fún ọgbọ̀n ọdún. Àpótí ìdáná Alhájà, ìyàwó rẹ̀, ló gbé sẹ́yìn àga náà fún mi.

"Ojú mi kò rí nọ́ńbà," ó ní. "Ojú rẹ rí i. Jókòó sẹ́yìn, kí o máa kà á fún mi."

Mo jókòó. Ojú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé mi kúrò nínú bàálù ló wá di ohun tí wọ́n fi pè mí wọ ọ̀kan.

Ẹni tó ṣe bàálù inú kọ̀ǹpútà yẹn, n kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù rí nínú oòrùn. Kò sí súwíìṣì kan níbẹ̀ tó jẹ́ àwòrán lásán. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ọ́mọ̀ tan bátìrì láì tan ẹ́ńjìnnì, ó sì ní ká lọ jẹun. Iyán ni Alhájà gún. A jẹun, a fọwọ́, a sọ̀rọ̀ ìjọba, a padà. Gbogbo iná inú bàálù ti di bàìbàì, ẹ́ńjìnnì kò sì dáhùn mọ́.

"Ó ti kú!" Ó pàtẹ́wọ́. "Tíṣà, ṣé o rí i? Bátìrì ti kú! Kò purọ́!"

Alhájà yọjú. "Kí ló kú?"

"Bátìrì ni."

"Ẹni tí bátìrì rẹ̀ kú ló ń yọ̀ báyìí?" Ó mi orí, ó sì padà sí ìdáná rẹ̀.

Lójú òfuurufú pẹ̀lú, òtítọ́ ni. Bí a bá yí bàálù lójijì láti dojú kọ ọ̀tá, ó máa ń ná eré tó ti kó jọ, bí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè: gbogbo agbára tó bá ná síbi yíyí, kò ní rí i lò níbi gígùn mọ́. Bí a bá fa ọ̀pá jù, apá bàálù á gbọ̀n, á kìlọ̀, tí a kò bá gbọ́, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bí yíyí náà bá le jù, ojú tẹlifíṣọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn láti etí wá sí àárín, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò lórí awakọ̀. Ohun tí mo fi ìṣirò kọ́ ní yunifásítì ni mo wá ń fi ojú rí láti orí àpótí ìdáná. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo gbàgbé láti ka nọ́ńbà, tí mo kàn ń wò.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dun ẹ̀gbọ́n mi ni pé kò sí Èkìtì níbẹ̀. Ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun kan tó kún fún òkè ni a ń fò lórí rẹ̀. A wá fún wọn lórúkọ. Àpáta gbọọrọ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn di Ìyìn. Oríta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ di Adébáyọ̀. Ibi tí a ti ń yìnbọn sí àwọn ọkọ̀ ogun tó ti bàjẹ́, a kò fún un lórúkọ ìlú kankan. Ó ní òun kò ní ju bọ́ǹbù sí ìlú ẹnì kan. Bí àsìkò àyìlà bá tó, yóò dá ogun dúró: bàálù á kọ́ sójú sánmà láì mira, ọ̀tá náà á kọ́ sẹ́yìn rẹ̀, títí yóò fi kírun tán tí yóò fi padà sórí àga.

Ìwé kan wà, ìwé àwọn ọmọ iléèwé, tó máa ń wà lórí pátákó ọwọ́ ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: awakọ̀ tó bá padà dé yóò kọ ohun tó rí lára bàálù sínú ìwé, mẹkáníìkì yóò kà á, yóò tún un ṣe, yóò sì fọwọ́ sí i. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ka ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ. Nísinsìnyí òun ló ń kọ, gàdàgbà gàdàgbà kó lè rí i. Mo ṣí i wò lọ́jọ́ kan. Ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, ohun kan náà ni: "Bàálù kò padà." "Bàálù kò padà." "Ó kù díẹ̀. Bàálù kò padà."

Ó mọ bí a ṣe ń gbéra. Ó mọ bí a ṣe ń jà. Bíbalẹ̀ ni kò mọ̀, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti bí ọdún kan. Lójú òfuurufú, gbígbọ̀n náà kò ṣe nǹkan. Nígbà tí ilẹ̀ bá kù díẹ̀, gbígbọ̀n tí kò ju ti ewé lọ lè da bàálù nù.

Ọwọ́ yìí kan náà ló mú kí ọmọ rẹ̀ pè láti Àbújá pé òun ń bọ̀ wá kó bàbá òun àti Alhájà lọ sọ́dọ̀ òun. Ilé alájà ló ń gbé, ìyàrá rẹ̀ kò tóbi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ jáde nínú fóònù: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn irin yẹn ò lè wọlé wa o." Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dára. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

"Tíṣà," ó ní, "ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń rán bàálù lọ. Màá pa ìlẹ̀kùn dé, màá kí awakọ̀, màá sún sẹ́yìn. Màá wá dúró nínú oòrùn títí n ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ pé ó ń bọ̀. N kò tíì mú ọ̀kan wálé rí. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ mú wálé kí n tó fi àga yìí sílẹ̀. Kó gbéra, kó ṣiṣẹ́ ogun rẹ̀, kó padà, kí táyà má bẹ́."

Mo sọ fún un pé mo ti rí ibì kan nínú kọ̀ǹpútà náà tí a lè tẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ rọrùn, kí bàálù má lè ṣubú. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bu omi lú wàrà tà.

A pinnu pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdeè, n ó máa wọkọ̀ wá láti Ìyìn ní àárọ̀. Mọ́ńdè àkọ́kọ́, a gbéra dáadáa, a ju bọ́ǹbù wa, a padà. Àádóje ni eré tí bàálù yẹn gbọ́dọ̀ fi balẹ̀. Bó bá ti ń lọ sí ọgọ́fà, ewu ti dé. Mò ń kà á fún un: ọgọ́jọ, àádọ́jọ, ogóje. Ojú rẹ̀ wà lọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ọ̀pá, kò rántí epo. Àádóje. Mo rí i pé ó ti ń bọ̀ sí ọgọ́fà.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ má bínú o. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín ní iṣẹ́ yín, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè bá mi fojú wo..."

Ilẹ̀ dé. Ojú tẹlifíṣọ̀n pọ́n, ó sì dúdú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò yíjú padà. "Kí ni kí n fojú wò?"

"Eré wa ni, sà. Ó ti lọ sílẹ̀ jù."

"O ṣeun," ó ní. "Mo ti rí i."

Alhájà gbọ́ ariwo náà láti ìdáná. "Ṣé ẹ ti tún sin ara yín ni? Àgbàdo ti jinná o, bí òkú bá ń jẹun."

Nígbà tí a ń jẹ àgbàdo náà ló tó bá mi wí. "Kí o tó tọrọ àforíjì tán, a ti wọ ilẹ̀. Tíṣà, gbọ́. Nínú bàálù, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Mo ti rí ọmọdé tó ń jágbe mọ́ ọ̀gá tó lè bí i, ọ̀gá náà á sì ṣe ohun tó wí, nítorí ọmọdé náà ló rí i. Bí wọ́n bá balẹ̀ tán, ọmọ náà á dúró ṣánṣán, á kí ọ̀gá rẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni àgbà níbẹ̀."

Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi tọ́ ènìyàn kì í kúrò lára rẹ̀ kíá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìyìn, iná mú etí aṣọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbi tó jókòó sí nídìí ààrò. Mo dọ̀bálẹ̀ ná kí n tó sọ fún un. Nígbà tí wọ́n pa iná tán, wọ́n yìn mí. Wọ́n ní ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni mí. Aṣọ náà kò ṣeé wọ̀ mọ́.

Ní Wẹ́sìdeè, mo tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́", a fi bàálù gbá àpáta tí a sọ ní Ìyìn. Ní Fúráìdeè, mo dákẹ́ nítorí n kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ láì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé lójú mi: "Bàálù kò padà. Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀wọ̀."

Mo wá lọ kọ́ ọ nílé. Mo wọ oko ẹ̀yìnkùlé, mo dojú kọ ebè iṣu, mo sì jágbe: "Epo! Gbé imú sókè! Ó ti pọ̀ jù!" Ìyàwó mi yọ lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ta lẹ ń bá wí níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Adébáyọ̀ ni."

"Kí ló ṣe?"

"Kò tíì ṣe nǹkan. Mò ń múra sílẹ̀ ni."

"Bàbá ọmọ," ó wí, "ẹni tí ẹ ó jókòó tì ni, tí ìyàwó rẹ̀ á fún yín lóúnjẹ. Ẹ rọra o."

Nígbà tí mo padà lọ, mo ti wá jágbe jù. Mo pariwo lórí ohun gbogbo, títí kan èyí tó ń ṣe dáadáa. Mo ní kó wo òsì, mo ní kó wo ọ̀tún, mo ní kó gbé ẹsẹ̀ bàálù wọlé nígbà tó ti gbé e wọlé. Ó bọ́ ohun tó kó sí etí. "Ṣé o fẹ́ bú mi pa ni, kí ọ̀tá tó pa mí?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàálù kò padà lọ́jọ́ yẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kejì lọ, ìkẹta náà sì ń tán lọ.

Ó wá ku ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà láti Àbújá, yóò wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn àpò ti wà ní pálọ̀, wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàrá ẹ̀yìn nìkan ni wọn kò tíì fọwọ́ kàn. A ti ṣe àdéhùn pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ̀, n ó nawọ́ láti ẹ̀yìn, n ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí bàálù padà ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ẹni tó wà á.

Ó ní, "Bísímílláhì." Èmi náà gbàdúrà tèmi nínú.

Ó tan ẹ́ńjìnnì, kò kánjú. A gbéra. A gba ẹ̀gbẹ́ Ìyìn, a yà sí ọwọ́ òsì, a dé ibi iṣẹ́ wa. Ó tẹ imú bàálù sílẹ̀, ó ju bọ́ǹbù méjì, ó fà á sókè jẹ́jẹ́, kò jẹ́ kí eré náà lọ. Ìgbà náà ni mo rí bàálù ọ̀tá kan lẹ́yìn wa lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ọ̀tún, lẹ́yìn, ó ń sún mọ́ wa," mo ní. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" níbẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi.

Àwọn awakọ̀ ọmọdé á yí lójijì, wọ́n á ná gbogbo eré wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kò yí. Ó tẹ imú bàálù wọ àfonífojì tó wà láàárín òkè méjì, ó kó eré jọ, ó sì jẹ́ kí ọ̀tá máa tẹ̀lé òun. Nígbà tó rọra fì sí òsì, ọ̀tá tó ń sáré jù wá lọ kò lè tẹ̀ lé wa mọ́. Ó fò kọjá lókè orí wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò lé e, kò sì tan súwíìṣì ìbọn.

"Kí ló dé?" mo bi í. Mo ti gbàgbé ara mi.

"Iṣẹ́ wa ti tán," ó ní. Lẹ́yìn náà, ní ohùn Adó tí kì í sábà lò fún mi: "Ó yá, ulé."

Bí a ti ń súnmọ́ ilẹ̀, ó sọ ẹsẹ̀ bàálù kalẹ̀. Iná mẹ́ta là, àwọ̀ ewé. Ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. N kò tíì rí i kó gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ rí. Imú bàálù ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, bí orí alángbá. Mo na ọwọ́ mi kọjá èjìká rẹ̀.

"Dúró," ó ní.

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí ọ̀pá pátápátá, ó gbé e lé itan. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lórí ọ̀pá náà tí wọ́n fi ń to bàálù, kí ó lè máa lọ ní eré kan láìsí pé ọwọ́ ń tì í. Nínú bàálù gidi, ẹ̀rọ tó wà nídìí bọ́tìnnì yẹn, ó ti tú u palẹ̀, ó sì ti tò ó padà lọ́pọ̀ ìgbà ju bó ṣe lè kà lọ. Ó na ọwọ́ òsì, èyí tí kì í gbọ̀n, ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì náà: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, díẹ̀ sí i. Imú bàálù dúró jẹ́ẹ́. Ó dá ọwọ́ òsì padà sórí ọ̀pá epo. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ sójú ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan tó di ọ̀pá mú, bàálù sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó mọ ilé.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní èyí. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó: eré wà lọ́wọ́ títò, gíga wà lọ́wọ́ epo. N kò mọ̀ pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

"Kà á fún mi," ó ní.

"Ogóje. Àádóje. Àádóje. Àádóje." Ojú ọ̀nà ń gbòòrò níwájú wa. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn kan láti ẹ̀gbẹ́ òkè Ìyìn gbá wa, abẹ́ bàálù dà bí ẹni pé wọ́n fà á. Mo wo mítà. Ọgọ́fà, ó sì ń lọ sílẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí i, ojú ọ̀nà ló ń wò.

"Epo!" mo jágbe. "Fi epo sí i, ìwọ àgbàlagbà yìí! Epo!"

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ẹ́ńjìnnì ké. Àádóje. Ojú ọ̀nà wọ abẹ́ wa. Ó gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí epo, ó fi fa ọ̀pá díẹ̀ péré. Táyà kan ilẹ̀, ó ta, ó tún kan ilẹ̀, ó sì dúró. Ó tẹ bíréèkì. Bàálù ń lọ, ó ń lọ, eré rẹ̀ ń kú. Ó dúró.

Alhájà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ ìgbà tó dé. Ó ti gbọ́ ohun tí mo pe ọkọ rẹ̀. Ó kàn bo ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fò sókè, kò pàtẹ́wọ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ, ní ẹsẹẹsẹ. Ó dúró kí àwọn mítà kú níkọ̀ọ̀kan. Ó pa bátìrì gbẹ̀yìn. Ó wá dìde, ó sì rìn yí àga ọkọ̀ àtijọ́ náà ká, bó ṣe máa ń rìn yí bàálù ká tí ó bá padà dé: ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró níbi tí ìrù ìbá ti wà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí ìdáná mi, ó sì gbé ìwé rẹ̀ lé orókún. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n kọ ọ́, ó sì pẹ́. Ó gbé e fún mi.

"Bàálù padà. Ẹ́ńjìnnì dára. Bíréèkì dára. Táyà kò bẹ́. Àléébù kan: ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò ní ẹ̀kọ́ ilé mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì ìyàrá náà. Ó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó ní kí n dìde.

"Fọwọ́ sí i," ó ní. "Mẹkáníìkì ló ń gba bàálù lọ́wọ́ awakọ̀."

Mo fọwọ́ sí i. Mo wá rántí pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n ṣe sí àléébù tí awakọ̀ bá rí. Mo bi í pé, "Èyí ńkọ́, sà? Kí ni kí n kọ?"

Ó gbé àgbọ̀n sókè, bí ìgbà tí bàálù ń kọjá.

"Má tún un ṣe," ó ní. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."